Irú Ẹja Ni Ká Kà, Kì í Ṣe Iye Ẹja
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, n ó sì tún un sọ: iye ẹja kọ́ la fi ń mọ odò tí ara rẹ̀ dá, irú ẹja ni. Àwọn tó ń ta kò mí a ní, "Ṣebí àwọ̀n ṣì ń kún?" Kí ló ń kún un? Àrọ̀, àrọ̀, àrọ̀! Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Bí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀, á yọjú sókè, á gbé mì. Àwọn yòókù a kú, òun nìkan a jogún ilé. Ṣé ogún ni kí á máa yọ̀ sí?

Odò wa wà nínú ìnira, pàápàá lẹ́ẹ̀rùn. Omi gbígbóná kì í di ọ́síjìn mú bíi tútù. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Ẹ gé igi etí odò, oòrùn wọlé nìyẹn. Ẹ da ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti ibi ìpẹran sínú rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á fa èyí tó kù gbẹ. Ẹja kọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Kòkòrò kéékèèké abẹ́ òkúta, àwọn onírù mẹ́ta nì, ni. Ìdin pupa ló ń kù. Ohun tó ń di ọ́síjìn mú nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ló mú kó pọ́n.

Mo fẹ́ sọ ti ajílẹ̀ àti Gámálìn, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pa ẹja, ṣùgbọ́n alága ti ń wo aago. Ní kúkúrú, Gámálìn kì í yan ẹja: edé, ìṣáwùrú, ọmọ ẹja, gbogbo wọn ló ń pa.

Ìyá àgbà kan láti etí odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá dìde. "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà èwe mi, odò wa a gbẹ títí yóò fi ku ibú nìkan. Síbẹ̀, bí òjò bá dé, oríṣiríṣi ẹja ni. Ìnira wo lò ń wí?"

Mo pa ìwé mi dé. Òtítọ́ ni ìyá wa sọ. Ní 1978, Joseph Connell, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àti àyíká, kọ̀wé nípa igbó àti òkìtì iyùn inú òkun pé ìdàrúdàpọ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì lè jẹ́ kí ẹ̀dá pọ̀ ní oríṣiríṣi, torí kò ní jẹ́ kí alágbára kan gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn: ó ní ìgbà, ẹja sì mọ ibi ìsápamọ́sí. Ibú ni. Nísinsìnyí, àwọn tó ń wa iyanrìn tú ilẹ̀ odò ká, ẹrẹ̀ kún inú ibú, dáàmù sì dí ọ̀nà tí ẹja ìsàlẹ̀ ì bá fi padà wá. Ìnira kan náà ni, àmọ́ ilé ìsápamọ́sí ti wó.

Mo bi í pé ibú mélòó ló kù lọ́dọ̀ wọn.

"Méjì," ni ìyá wí. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ni típà ń dúró sí."