Cane Ridge, ìjọ oko tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ wíìlì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níkàlẹ̀ àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á lórí fóònù. Ìjọ Cane Ridge ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Paris ló wà, kì í ṣe Paris ilẹ̀ Faransé o, Paris ti Kentucky ní Amẹ́ríkà ni. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, ìsọjí 1801 ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, àmọ́ témi ni pé ìjọ Presbyterian inú oko ni, Oúnjẹ Olúwa tó máa ń ṣe náà ló ń ṣe tí nǹkan fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

1791 ni wọ́n kọ́lé ìjọsìn ọ̀hún, àwọn àgbẹ̀ tó ṣí wá láti North Carolina ló gé igi tí wọ́n tò ó léra wọn. Wọ́n ṣe gálárì sókè fáwọn ẹrú, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ̀gùn kankan nínú ilé, ìta ni wọ́n ti ń gun àkàbà kí wọ́n tó gbojú fèrèsé wọlé. Olúwa kan náà ni wọ́n jọ ń sìn, ẹ ṣáà máa gbọ́.

Barton Stone, oníwàásù kan, dé ní 1796. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ fi joyè pásítọ̀ ní 1798, wọ́n bi í bóyá ó gba Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Westminster, ìyẹn ìwé táwọn Presbyterian fi sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ó ní òun gbà á níwọ̀n bóun bá ṣe rí i pé ó bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu. Wọ́n sì jẹ́ kó kọjá! Lójú tèmi, ibẹ̀ nilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Nísìnyí, àṣà táwọn Presbyterian bá bọ̀ láti Scotland ni pé Oúnjẹ Olúwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan, ìwàásù á ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú Sọ́ńdè, wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ ní Mọ́ńdè, àwọn alàgbà á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún ẹ ní tókìn, òjé pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí, tó ò bá ní in lọ́wọ́ o ò lè jókòó sídìí tábìlì.

August 1801 ni wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n pe ìjọ àyíká bí wọ́n ṣe máa ń pè wọ́n, lèrò bá ya dé, àwọn tó fojú díwọ̀n wọn ní wọ́n lé ní 10,000, bẹ́ẹ̀ Lexington tó tóbi jù ní Kentucky nígbà yẹn ò tó 2,000 èèyàn. Ta ló fẹ́ fún gbogbo ìyẹn ní tókìn? Wọ́n ń ṣubú lulẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ké, William Burke tó jẹ́ oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì gun ìtì igi tó wó lulẹ̀, wọ́n na agbòòrùn lé e lórí, ló bá ń wàásù tiẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tóúnjẹ tán ni wọ́n tó túká.

Sínọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ Presbyterian, ò fara mọ́ ẹ̀kọ́ tó tìdí ìsọjí yẹn yọ. Ní 1803, Stone àtàwọn mẹ́rin mìíràn kúrò lábẹ́ wọn, wọ́n dá Springfield Presbytery, ẹgbẹ́ ìjọ tiwọn, sílẹ̀, nígbà tó fi máa di June 1804 wọ́n ti kọ wíìlì fún un, wọ́n ní ó wù àwọn kí ẹgbẹ́ náà kú kó sì wọnú ara Kristi lápapọ̀. Bí Cane Ridge ṣe kúrò ní Presbyterian nìyẹn.

Gálárì yẹn ńkọ́? Wọ́n tú u ní 1829, ó lọ di ara abà ẹnì kan nítòsí, 1932 ni wọ́n tó gbé e padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.