Ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe ń dá ẹranko mọ̀ lára owó Gíríìkì àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹranko tó wà lára owó Gíríìkì àtijọ́ ni mo bá wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi: kí ẹ tó pe ẹranko kan lórúkọ, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ àwòrán náà mọ ohun tó ń gbẹ́ dáadáa. Àwa tí à ń wò ó lónìí la máa ń kánjú.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Aegina, erékùṣù kékeré kan tí kò jìnnà sí Áténì. Láti ọ̀rúndún kẹfà kí a tó bí Kristi ni wọ́n ti ń rọ owó fàdákà níbẹ̀. Ẹyọ kan wọn gíráàmù 12 àti díẹ̀, ó nípọn, ó sì rí rugudu. Ìjàpá ni gbogbo ayé ń pe ẹran tó wà lójú rẹ̀. Ẹ gbé èyí tó kọ́kọ́ jáde súnmọ́ ojú. Ẹ̀yìn ẹran náà dán, kìkì àmì róbótó-róbótó ló tò láàárín rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Ìjàpá òkun nìyẹn, tó jẹ́ pé inú omi ló ń gbé, tó ń gun etíkun láti yé ẹyin.

Nígbà tó yá, nínú ọ̀rúndún karùn-ún, àwòrán náà yí padà. Ẹ̀yìn ti pín sí ìpín-ìpín, ẹsẹ̀ ti kúrú, ó ki, èékánná sì ti yọ. Ìjàpá orí ilẹ̀ ló dé yìí. Ẹ rántí pé ní nǹkan bí ọdún 457 kí a tó bí Kristi, Aegina túúbá fún Áténì. Wọ́n wó odi ìlú náà, wọ́n sì gba ọkọ̀ ogun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ìyípadà àwòrán yìí mọ́ bí agbára Aegina lórí òkun ṣe bọ́. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní ìjàpá lásán kò ní rí nǹkan kan nínú èyí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òwìwí Áténì kò fa àríyànjiyàn. Ara rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, àmọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò wá. Idì ara owó Akragas, ìlú Gíríìkì kan ní erékùṣù Sísílì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ là ń rí.

Sísílì yẹn náà ni Messana wà. Lójú kìíní owó fàdákà ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ kan wà tí ẹranko ń fà. Ọ̀pọ̀ á ní ẹṣin ni. Ẹ wo etí rẹ̀ bó ṣe gùn, kí ẹ wá fi wé ti ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ lára owó Syracuse, ìlú mìíràn ní Sísílì. Ìbaaka ni! Aristotle, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: Anaxilas, tó ń ṣàkóso Messana àti Rhegion tó wà ní òdìkejì omi ní Ítálì, fi kẹ̀kẹ́ ìbaaka borí nínú eré ìje Olympia. Aristotle kan náà ló sọ pé Anaxilas ló kó ehoro wọ Sísílì. Ẹ yí owó náà padà, ehoro rèé tó ń sáré.

Nígbà mìíràn, ìlú ló máa ń là wá lójú. Lẹ́tà Gíríìkì Ε àti Φ, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú náà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkòrò oyin fi Éfésù hàn. Ní Kyzikos, ìlú Gíríìkì kan ní ibi tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ẹranko ńlá tó wà lókè máa ń yàtọ̀ láti owó kan sí èkejì, àmọ́ ẹja túnà kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àmì ìlú. Ẹja yẹn ni kí ẹ wá. Ní ti Abdera, ìlú Gíríìkì mìíràn, ẹ má wá ẹran ara owó rẹ̀ nínú igbó kankan, ẹran inú ìtàn àròsọ ni: orí idì, ìyẹ́ apá, ara kìnnìún. Ẹ dárúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà.

Ó wá ku erin. Àwọn òǹkọ̀tàn àtijọ́ ní Seleucus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Alẹkisáńdà tó di ọba, gba erin 500 lọ́wọ́ Chandragupta, ọba Íńdíà. Seleucus sì gbé erin sára owó tirẹ̀. Erin Éṣíà nìwọ̀nyí: etí wọn kéré, ẹ̀yìn wọn yọ gọngọ sókè. Ti àwọn ará Carthage, ìlú ńlá kan ní àríwá Áfíríkà, èyí tí wọ́n rọ ní Sípéènì nínú ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Kristi, erin Áfíríkà ni: etí fẹ̀ bo èjìká, ẹ̀yìn sì tẹ̀ wọnú láàárín. Bí owó bá ti gbó tí etí ti parẹ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Bí ẹ̀yìn náà bá ti parẹ́, ẹ kọ “erin” sílẹ̀, kí ẹ má fi ilẹ̀ kankan kún un.