Ọjọ́ Tí A Ń Wáṣẹ́ Kọ́ Là Ń Wá Èèyàn

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, n ó sì máa tún un sọ títí tí a ó fi túká: àkókò tí a lò pẹ̀lú ẹnìkan láìtọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ wá di ti ara wa.

Ní 1938, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìgbésí ayé ọ̀dọ́kùnrin 268 tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọkùnrin 456 láti àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Boston dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ń bi wọ́n nípa iṣẹ́, ìgbéyàwó àti àìsàn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n tún kàn sí aya àti ọmọ wọn. Robert Waldinger ni olùdarí kẹrin iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọkàn ẹni ọdún 50 ṣe balẹ̀ tó láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ bí ara rẹ̀ yóò ṣe le tó ní ọdún 80, ju bí ìwọ̀n kọlẹ́sítéróòlù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹ má torí ìyẹn sá fún dókítà o.

Àwọn kan ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kó “èèyàn tó wúlò” jọ. N ò gbà fún wọn rárá. Ara ló ń sọ fún ara. Ẹni tí a torí àǹfààní sún mọ́ kì í pẹ́ mọ̀. Jeffrey Hall, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, ṣírò rẹ̀ ní 2018: ó tó nǹkan bíi wákàtí 200 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, wákàtí tí a fi jọ ṣiṣẹ́ kò sì tó èyí tí a fi jọ gbafẹ́. Ẹ ò rí i? Wákàtí tí a ò tọrọ nǹkan ni.

Ibẹ̀ ni mo dé tí arákùnrin kan lẹ́yìn fi nawọ́: “Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ńkọ́, sà? Ṣebí ó ní ojúlùmọ̀ lásán ló ń múni ríṣẹ́?” Ìbéèrè yìí gba gbogbo àkókò tó kù.

Òótọ́ ló sọ. Nínú àwọn tí ẹni tí wọ́n mọ̀ bá ríṣẹ́ nínú ìwádìí tí Granovetter tẹ̀ jáde ní 1973, ìdá 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀, àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Ìròyìn tuntun ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ẹni ọ̀nà jíjìn náà? Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ilé ìwé, alábàáṣiṣẹ́ àtijọ́, ọ̀gá àná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti mọra. Wọ́n á ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Mélòó nínú wọn ló wá ẹnì kejì rẹ̀ lọ?

Mo fẹ́ sọ ti Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì tó jọ ronú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n àkókò ò gbà mí láyè. Ikú mú Tversky ní 1996. Nígbà tí Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, ó ní iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni.

Arábìnrin kan wá béèrè ohun tí òun lè kọ sí ọ̀gá òun àtijọ́ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Mo ní kó kí i, kó dárúkọ ohun kan tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ṣì ń lò títí dòní. Kó má fi ẹ̀bẹ̀ kankan tì í.