Ikú Ilé Ló Pa White Sox: Àgbéyẹ̀wò Sáà 2024

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú òtútù. Wọ́n ní kí n fi wákàtí kan ṣàgbéyẹ̀wò sáà 2024 ti White Sox, tíìmù bésíbọ́ọ̀lù (baseball) wa ní Chicago. Mo ti pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà mẹ́fà lórí ìwé, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ pé a ò ní débẹ̀.

Nọ́ńbà lẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Chicago yìí. Gèèmù 162 ni tíìmù kọ̀ọ̀kan ń gbá lọ́dún. White Sox jẹ 41, wọ́n lù wọ́n ní 121. Láti 1901 tí líìgì méjèèjì ti jọ wà, kò sí tíìmù tí wọ́n lù tó bẹ́ẹ̀ rí. Mets ti New York ló ni àbùkù yẹn tẹ́lẹ̀, 120, ní 1962, àwọn yẹn sì ní àwáwí, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tíìmù wọn sílẹ̀, àwọn tí kíláàbù yòókù ò nílò ni wọ́n ṣà jọ. White Sox kì í ṣe ọmọ àná. Wọ́n gba World Series, ife tó ga jù nínú eré yìí, ní 2005. Ní 2021 pàápàá wọ́n ṣe ipò kìíní ní dífísọ̀n wọn. Ẹ bá mi ka iye tí wọ́n ń jẹ láti ìgbà yẹn: 93 ní 2021, 81 ní 2022, 61 ní 2023, 41 ní 2024. Ẹni tó ń fi irú ìṣísẹ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe pé ó yọ̀ ṣubú.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju pé bí ikú ilé ò bá pani, ti òde ò lè pani. Jerry Reinsdorf ló ti ni kíláàbù yìí láti 1981. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí n sọ, ẹ fẹ́ kí n sọ pé ahun ni. Ahun tàbí kì í ṣe ahun, ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tèmi. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé bàbá yìí ò lè fọkàn tán ẹni tí òun ò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti wà lábẹ́ òrùlé ẹ̀ nìkan ló ń fi joyè, ohun tó sì pa 2024 nìyẹn, àní ó ti pa á kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Oṣù Kẹwàá 2020. Kóòṣì ti lọ, wọ́n ń wá òmíràn. Tíìmù ń gbóná nígbà yẹn o, àwọn ọ̀dọ́ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo líìgì ló ń bẹ̀rù wọn. Rick Hahn tó jẹ́ máníjà àgbà jáde sí àwọn oníròyìn, ó ní ẹni tí yóò wu àwọn jù ni ẹni tó wá láti kíláàbù tó gba ife láìpẹ́, tó mọ bí bọ́ọ̀lù Oṣù Kẹwàá, ìgbà ìdíje àṣekágbá, ṣe ń rí. Àwa tá a gbọ́ ọ wo ara wa, a ní A.J. Hinch ló ń pè láìdárúkọ yẹn. Hinch ló gba World Series pẹ̀lú Houston ní 2017. Lóòótọ́ ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, ọ̀rọ̀ àmì àṣírí tíìmù kejì tí Houston ń jí wò, wọ́n ní kó lọ fìdí mọ́lé fún ọdún kan, àmọ́ ọdún yẹn ti ń parí lọ.

Ta la wá rí? Tony La Russa. Ẹni ọdún 76! Láti 2011 ló ti fi iṣẹ́ kóòṣì sílẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọ̀gá ni La Russa, ife World Series mẹ́ta ló gbà láyé ẹ̀, ẹnu mi ò gbà á láti bú u. Àmọ́ kí ló gbé e wá? Ní 1986 White Sox lé La Russa, Reinsdorf sì ti ń ka ìyẹn sí àbámọ̀ láti ìgbà náà, kò fi pamọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ọdún 34 lẹ́yìn náà ló fi tíìmù tó ń gbóná san gbèsè ọ̀rẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn. Nígbà tí wọ́n kéde La Russa, wọ́n ya àwòrán kan fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, fọ́tò La Russa wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkíni wà níbẹ̀, wọ́n wá fi ìbuwọ́lùwé sí i kó lè jojú. Ìbuwọ́lùwé ta ni? Ti Hinch! Wọ́n ń kí La Russa káàbọ̀, orúkọ Hinch ló wà lábẹ́ ẹ̀. (Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín gan-an níbí, bàbá kan ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.) Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún yín, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Detroit ò fi nǹkan falẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n mú Hinch. Ẹ wá fò wá sí 27 Oṣù Kẹsàn-án 2024. White Sox wà ní Detroit, Tigers, tíìmù Detroit, lù wọ́n 4-1. Ìyẹn gan-an ni 121. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, lórí pápá kan náà, Tigers wọ ìdíje àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2014, wọ́n ń da ṣanpéènì síra wọn lórí, ta sì ni kóòṣì wọn? Ẹ ti dárúkọ ẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Èkejì. Oṣù Kẹjọ 2023, Reinsdorf lé Hahn àti Kenny Williams tó jẹ́ ọ̀gá Hahn lọ́jọ́ kan náà. A ní áà, ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á wá ẹni tuntun báyìí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbé Chris Getz síbẹ̀, Getz tó ti ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ kíláàbù náà láti 2016. Kò pe ẹlòmíràn wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kó tó yàn án, àwáwí ẹ̀ sì ni pé òun fẹ́ kí nǹkan yára dára, ẹni tó ti mọ ilé ò ní fi àkókò ṣòfò. Ẹ ò rí i? Ó yára lóòótọ́, sáà tó tẹ̀ lé e ló yára bọ́ sínú kòtò.

Àwọn ará Kansas City wá kún ilé. Getz gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Pedro Grifol tó jẹ́ kóòṣì, ibẹ̀ ló ti wá. Nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù, Andrew Benintendi ti gbá fún wọn, Nicky Lopez náà bẹ́ẹ̀. Kansas City kékeré ni wọ́n kó wá sí South Side, àdúgbò White Sox ní Chicago, Kansas City gidi sì ń bọ̀ wá nà wọ́n: ìgbà 13 ni wọ́n pàdé lọ́dún yẹn, Royals, tíìmù Kansas City, jẹ 12. Royals yìí kan náà ni wọ́n lù ní 106 ní 2023 o, ọdún kan péré ni wọ́n fi tún ara wọn ṣe tí wọ́n fi wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹni tó bá ní kò sí bí tíìmù tó burú ṣe lè yára sàn, kó lọ bá wọn sọ ọ́ ní Kansas City.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó jẹ́ pé orí rédíò ni wọ́n ti ń jẹun lọ́sàn-án, àwọn tó ń pè wọlé pé "ìfarapa ni, ìfarapa ni". Ó dáa. Luis Robert fara pa ní Oṣù Kẹrin, òótọ́. Moncada fara pa, ó sì pẹ́ kó tó padà. Eloy Jiménez, ìgbà wo lara ẹ̀ le? Àmọ́ ẹ wo run, ìyẹn àmì ayò, tí wọ́n gbà jálẹ̀ ọdún, 507, kò sí tíìmù tó kéré tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tíìmù yòókù gba 813 lára wọn. Ìyẹn jẹ́ run mẹ́ta àti díẹ̀ ní gèèmù kan, ẹni tó ń bá wọn gbá sì ń gba márùn-ún. Èèyàn mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn tí wọ́n fi rọ́pò wọn dà? Ta ló ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ kíláàbù náà láti 2016? Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ fún mi lésì.

Àwọn kan tún ní oríburúkú ni, wọ́n á mẹ́nu kan 23 Oṣù Karùn-ún. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fáwọn tí ò wò ó. Orioles, tíìmù Baltimore, ló wá. Gèèmù ti fẹ́ parí, 8-6, White Sox ní èèyàn ní bésì kìíní àti ìkejì, ẹnì kan péré ló ti jáde nínú mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ jáde kí gèèmù tó parí. Benintendi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù lọ sókè tààrà, kò jìnnà síbì kankan. Gunnar Henderson ń bọ̀ wá mú un. Andrew Vaughn tó wà ní bésì ìkejì ń rọra padà sídìí bésì ẹ̀, kò kánjú rárá. Rẹfirí bá nawọ́. Ó ní Benintendi ti jáde torí òfin wà fún irú bọ́ọ̀lù òkè bẹ́ẹ̀, ó ní Vaughn náà ti jáde torí ó dí Henderson lọ́nà. Henderson tó ní wọ́n dí lọ́nà yìí sì mú bọ́ọ̀lù yẹn wọ́ọ́rọ́wọ́! Méjì lẹ́ẹ̀kan, gèèmù parí, ẹ máa lọ sílé. Mo gbà, oríburúkú nìyẹn, inú bí mi náà. 120 tó kù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, mo sì ti ṣètò ẹ̀ dáadáa, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé owó tó pọ̀ jù tí kíláàbù yìí tíì fi lélẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kan rí ni mílíọ̀nù 75 dọ́là tí wọ́n fún Benintendi fún ọdún márùn-ún, nígbà tí Dodgers ti Los Angeles fún agbábọ́ọ̀lù wọn, Ohtani, ní mílíọ̀nù 700. Bí mo ṣe ń sọ ìyẹn lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí i pé wọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é? Ní básíkẹ́ẹ̀tì tíìmù máa ń jẹ́ kí wọ́n na òun kí òun lè rí ọmọ tó dáa yàn lọ́dún tó ń bọ̀. Bóyá ọgbọ́n lẹ̀ ń pè ní àìmọ̀kan."

Ìbéèrè yẹn ló gba gbogbo àkókò mi, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìdáhùn tí mo fún un. Lóòótọ́ kò sí jíjábọ́ sí líìgì kejì ní Amẹ́ríkà. Ká ní England ni, wọ́n á ti gbá White Sox dànù, owó tẹlifíṣọ̀n á ti dín kù, Reinsdorf á ti máa wá ẹni tó máa rà á. Níbí, ẹ ṣe ipò kìíní o, ẹ ṣe ìkẹyìn o, ìjókòó yín wà níbẹ̀. Àmọ́ ti yíyan ọmọ, wọ́n ti yí òfin padà. Láti dráfùtì 2023, ìyẹn ètò tí kíláàbù fi ń yan ọ̀dọ́ lọ́dọọdún, tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta fún ipò mẹ́fà àkọ́kọ́. Òfin kan tún wà níbẹ̀: kíláàbù ìlú ńlá tó ń dá owó fún àwọn kékeré ò gbọ́dọ̀ jẹ nínú tẹ́tẹ́ yẹn lọ́dún méjì tó tẹ̀ léra. White Sox ti jẹ ní 2024, wọ́n yan ìkarùn-ún, Hagen Smith. Nítorí náà, tíìmù tí wọ́n lù jù láti 1901, nígbà tí wọ́n ta tẹ́tẹ́ ti 2025 ní Oṣù Kejìlá, wọn ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ipò kẹwàá ni wọ́n ń lọ jókòó sí. Àbúrò, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù á kọ́kọ́ ka òfin!

Ọmọ náà ò jókòó. Ó ní: "Owó ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Ibẹ̀ ló ti mú mi. Torí ọdún 2024 yìí gan-an ni Reinsdorf ń wá nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ ìjọba láti kọ́ pápá tuntun sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The 78. Kì í ṣe àkọ́kọ́ o. Ní 1988 ó ní òun máa kó tíìmù lọ sí Florida, àwọn aṣòfin Illinois bá dá aago ilé ìgbìmọ̀ dúró lóru kí wọ́n lè dìbò fún pápá kí àkókò tó kọjá. Mo sọ fún ọmọ náà pé mi ò rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, ohun tí mo rò ni pé pípàdánù ò pa ẹnikẹ́ni lára lókè níbẹ̀. Àwọn èrò ìwòran pàápàá, nígbà tí 120 pé tí wọ́n padà wálé láti wá gbá pẹ̀lú tíìmù Angels, àwọn kan wá torí kí 121 lè ṣojú wọn. White Sox jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Àwọn èèyàn ń pariwo pé kí Reinsdorf ta tíìmù, kí wọ́n tó tò fún mílíkíṣéèkì. Mílíkíṣéèkì yẹn ló gbayì jù ní pápá yẹn lọ́dún yẹn, kì í ṣe àwàdà.

Alága ti ń nawọ́ aago sí mi báyìí, nítorí náà mo sáré ka ìyókù. Láti 10 Oṣù Keje sí 5 Oṣù Kẹjọ wọ́n lù wọ́n ní gèèmù 21 léra, Oakland ni wọ́n ti já ìdè ẹ̀, 5-1, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n lé Grifol, Grady Sizemore gbà á, ó jẹ 13, wọ́n lù ú ní 32. Wọ́n kó Kopech, ọ̀kan nínú àwọn ajùbọ́ọ̀lù wọn, lọ sí Dodgers ní Oṣù Keje, ó gba World Series kí ọdún tó parí. Garrett Crochet ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí nǹkan ń bí nínú, ó lé èèyàn 209 jáde láàárín ínìnsì (abala gèèmù) 146, gèèmù 6 péré ló fi jẹ, wọ́n tà á fún Boston ní Oṣù Kejìlá, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n gbà dípò. Ọ̀rọ̀ Crochet tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, ẹ pè mí padà.

Bí mo ṣe ń kó ìwé mi ni bọ̀dá tó dé fìlà Cubs, tíìmù kejì ní Chicago, níwájú (èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò pè) ní mo gbàgbé Will Venable. Kóòṣì tuntun yẹn, Texas ni wọ́n ti mú un, kò gbá fún White Sox rí, kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Ó ní ṣé ìyẹn ò wó gbogbo ọ̀rọ̀ mi lulẹ̀. Mo ní rárá, ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n ṣí. Ẹ lọ wo orúkọ àwọn tí wọ́n fi ti Venable lẹ́yìn, ẹ ka ibi tí wọ́n ti wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ti rí ará Kansas City kejì níbẹ̀, ẹ tẹ̀ mí láago.