Ẹnu Sọ Tiẹ̀, Ọwọ́ Ṣe Tiẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ojú Tá A Fi Ń Wo AI

Ẹni tó ń sọ pé ẹ̀rọ lásán ni AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá), òun náà ló ń kọ "ẹ jọ̀ọ́" sí i kó tó bi í ní ìbéèrè. Bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ẹnu sọ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ọwọ́ ṣe.

Ti ẹnu ò le. GAAIS, ìwé ìbéèrè nípa ojú tá a fi ń wo AI tí Schepman àti Rodway gbé jáde ní 2020, ní gbólóhùn 20: 12 gbè sẹ́yìn AI, 8 fara ya sí i. Ẹ ó mú nọ́ńbà láti 1 dé 5, ó parí. Àmọ́ èèyàn lè dáhùn ohun tó rò pé a fẹ́ gbọ́.

Fún ti inú lọ́hùn-ún, IAT ni wọ́n sábà ń lò, ìdánwò tó ń fi bí ọwọ́ ṣe yá tó wọn ohun tó wà nínú, tí Greenwald, McGhee àti Schwartz gbé jáde ní 1998. Ẹ wo kọ̀ǹpútà yìí. Ìka òsì ń bẹ lórí E, tọ̀tún lórí I. Lókè lápá òsì, "AI" àti "Dáadáa". Lápá ọ̀tún, "Èèyàn" àti "Burúkú". "Ẹ̀rín" yọ láàárín: òsì. "Róbọ́ọ̀tì": òsì náà. "Ìyà": ọ̀tún. "Aládùúgbò": ọ̀tún. Ẹ má rò ó, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣì í, àmì X pupa á yọ, ẹ ó tún un tẹ̀. Tó bá yá, AI á bọ́ sọ́dọ̀ Burúkú. Bí ọwọ́ bá wá yá níbí ju tàkọ́kọ́ lọ, a ti rí nǹkan: inú lọ́hùn-ún ti so AI mọ́ Burúkú ju Dáadáa lọ.

Ìpele méje ni; 3, 4, 6 àti 7 nìkan la ń ṣírò. Ìdáhùn tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, a ó yọ ọ́. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kò bá tó 0.3 ìṣẹ́jú àáyá, a ó yọ òun fúnra rẹ̀: kò kà á, ó kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀. Ẹ fi àwòrán róbọ́ọ̀tì onírin olójú pupa sí i, ìbẹ̀rù fíìmù lẹ máa wọ̀n. Ohun tí àwọn èèyàn ń lò ni kẹ́ ẹ fi sí i dípò rẹ̀, bí ohùn tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù. Tó bá jẹ́ Yorùbá la fi ṣe é, ẹ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀. "Ayo" tí kò lámì: ṣé ayọ̀ ni àbí ayò ọlọ́pọ́n? Ojú á dúró díẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n, ìdúró yẹn á sì wọnú èsì bíi pé AI ló fà á.

Òmíràn tún ni pé AI àti èèyàn la fi wéra. Ẹni tí èsì rẹ̀ tẹ̀ sọ́dọ̀ èèyàn lè má kórìíra AI rárá, ó kàn fẹ́ràn ọmọ aráyé ni. Ẹni kan náà sì lè ṣe é lónìí, kó tún un ṣe lọ́la, kí nọ́ńbà yàtọ̀. Nítorí náà, àròpọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpinnu, ẹ má fi èsì ẹ̀ẹ̀kan pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀tá AI.