Kí Ọjọ́ Lálúpọn Tó Dé: Ìwà Aṣáájú fún Ọ̀dọ́ Ológun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ogun, ẹ̀yin olùkọ́ wọn àti ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wa péjọ, mo kí yín. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwà tó yẹ aṣáájú ológun, mo mọ̀ pé ó rọrùn láti to ìgboyà, òtítọ́, sùúrù àti ìkóra-ẹni-níjàánu jọ bí ẹni to ọjà, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ há wọn sórí fún ìdánwò, kí ẹ sì gbàgbé wọn kí ọdún tó yípo. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ wò fínnífínní: Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tí a bí ní 1926, tó sì wọ iṣẹ́ ológun ní 1943 nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló mọ bí ó ṣe kú ní Lálúpọn, lẹ́bàá Ìbàdàn, ní 1966. Ìwọ̀nba ló mọ irú ẹni tó ti jẹ́ kí ikú náà tó dé. Fájuyì kò fi ipò ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ British Empire Medal ní 1951, kò sì sí ogun kankan nídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ, òun sì wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i tí ọ̀rọ̀ náà kò fi di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí oúnjẹ yìí, torí ó sún mọ́ yín ju ìbọn lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Sájẹ́ǹtì sì wà ní agbedeméjì: ó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ó mọ ibi tí ẹjọ́ wọn ti tọ́, síbẹ̀ òun ni àwọn ọ̀gá ń wò pé kó mú kí àṣẹ dúró. Bí ó bá gbè sẹ́yìn àwọn ọ̀gá pátápátá, ọ̀dàlẹ̀ ni lójú àwọn tí wọ́n jọ ń sùn. Bí ó bá tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun, ọlọ̀tẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ìyà ọlọ̀tẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ìhà méjèèjì yóò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú ń ru ti ní láti ra ìgbẹ́kẹ̀lé náà sílẹ̀ láti ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, lórí pápá paréèdì, nínú yàrá oorun, nídìí àwo oúnjẹ. Bí mo bá wà láàárín yín, tí mo sì fẹ́ mọ ẹni tí mo lè tẹ̀ lé lọ sójú ogun, ẹni tó ń bu oúnjẹ kẹ́yìn nígbà tí kò fẹ́ kárí ni n óò máa ṣọ́, pàápàá bí kò bá sí ọ̀gá níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ní 1954, wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì ní Eaton Hall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ọdún mọ́kànlá tó ti fi gba àṣẹ kó tó máa pàṣẹ ni mo gbà pé ó ṣe é lóore jù. Nígbà tí Nàìjíríà rán ọmọ ogun lọ sí Kóńgò lábẹ́ àṣíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, àwọn ọ̀tá lúgọ de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àríwá Kàtáńgà, ó sì kó wọn yọ. Àwọn tó kó yọ yìí ló mú kó gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross.

Ní oṣù Kínní 1966, lẹ́yìn ìfipágbàjọba àkọ́kọ́, wọ́n fi í ṣe gómìnà ológun ní Ìwọ̀-Oòrùn. (N kò wá kọ́ yín bí ológun ṣe ń di gómìnà o, ohun tí ojú orílẹ̀-èdè yìí ti rí nídìí rẹ̀ tó gẹ́ẹ́.) Ní oṣù Keje ọdún náà, olórí ìjọba, Ọ̀gágun-àgbà Aguiyi-Ironsi, wá bá àwọn ọba ṣèpàdé ní Ìbàdàn, ó sì dé sọ́dọ̀ Fájuyì ní Ilé Ìjọba. Àwọn ọmọ ogun yí ilé náà ká, wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí Lálúpọn ní ọjọ́ 29, wọ́n sì pa wọ́n.

Àwọn kan ní Fájuyì sọ pé ẹni tó bá máa mú àlejò òun, kó mú òun pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ láti pa òun náà. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tó jọ mí lójú ni pé àwọn Yorùbá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́ kíákíá, nítorí ó bá ẹni tí wọ́n mọ̀ mu. Láyé Ọ̀yọ́, òfin ló de Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò: bí ó bá lọ sógun, kó ṣẹ́gun padà wálé láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Òfin kankan kò de Fájuyì mọ́ àlejò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kádẹ́ẹ̀tì kan bi mí kí n tó gorí pẹpẹ pé àwọn ọmọ ogun tó mú wọn ńkọ́, ṣebí wọ́n gba àṣẹ ni? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn náà ti dúró lórí pápá bí tiyín, wọ́n ti búra, inú sì ń bí wọn nítorí àwọn aṣáájú wọn tí wọ́n pa nínú ìfipágbàjọba oṣù Kínní. Ṣùgbọ́n òfin ológun wa tó ń fìyà jẹ aláìgbọràn, àṣẹ tó bófin mu ló dárúkọ. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o lọ mú olórí tí ìwọ àti òun jọ búra fún, bi í pé ta ló fọwọ́ sí i, bi í lójú ẹlẹ́rìí, kí o sì múra sílẹ̀ fún ìyà tí ìbéèrè náà lè fà. Inú ń bí àwọn tó dìtẹ̀ nítorí oúnjẹ pẹ̀lú, Fájuyì sì wà láàárín wọn.