Họ́ọ̀lù tó ń sùn láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdé: iṣẹ́ míì tí pirojẹ́kítọ̀ lè ṣe fún wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé ayẹyẹ àtàwọn tó ń bójú tó họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìwé sọ n'Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, mo tún un tẹ̀ síbí kí ẹ̀yin ará Ṣàgámù, Ìkẹ́nẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ò ráyè wá náà lè rí i kà.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ wọ họ́ọ̀lù èyíkéyìí lágbègbè wa ní Sátidé, pirojẹ́kítọ̀ ń bẹ lókè àjà, fọ́tò ọkọ àti ìyàwó ló ń gbé jáde, tó bá di Sọ́ńdè ó di ọ̀rọ̀ orin, tí ìyẹn bá ti parí wọ́n á fi láílọ́ọ̀nù bò ó, ó di ọ̀sẹ̀ míì. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi owó ńlá rà! Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ṣẹ́ ẹ rí i, láyé ìgbà tí fíìmù ṣì ń bẹ nínú rọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ yẹn ò lè ṣe nǹkan kan ju kó ta fíìmù lọ. Nígbà tí bàbá wa Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣósà níbí yìí, gbé fíìmù wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1979, ṣe làwọn onítíátà ayé ìgbà yẹn máa ń kó rọ́ọ̀lù àti ẹ̀rọ sínú mọ́tò láti ìlú dé ìlú, ohun tó bá wà nínú rọ́ọ̀lù làwọn èèyàn máa wò, ó parí. Tòde òní ti yàtọ̀. Inú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni dígí wínníwínní wà, DMD ni wọ́n ń pè é, Larry Hornbeck ló ṣe é ní 1987 ní iléeṣẹ́ Texas Instruments l'Amẹ́ríkà. Nínú èyí tó jẹ́ 2K tí wọ́n ń lò ní sinimá, dígí yẹn lé ní mílíọ̀nù 2, ọ̀kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín ju fọ́nrán irun orí lọ, wọ́n dẹ̀ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Kò sí rọ́ọ̀lù níbẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn ló máa tàn sójú aṣọ, ìbáà jẹ́ fóònù yín, kámẹ́rà tó wà níta, tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó ń sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù.

Òun ló jẹ́ kí àwọn Metropolitan Opera, ilé eré olórin ní New York, lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré wọn ránṣẹ́ tààrà sáwọn ilé sinimá ní December 2006, National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù náà bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2009. Ẹni tó wà nílùú kékeré jókòó sí sinimá àdúgbò ẹ̀, ó ń wo ohun tó ń lọ lórí ìtàgé lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwa náà ní Ojúde Ọba. Ẹ mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹsẹ̀ ò gbèrò, oòrùn ń pa èèyàn, àwọn ìyá àti bàbá tí eékún ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró mọ́, ilé ni wọ́n ń jókòó sí tí wọ́n ń wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiwọn gan-an lójú fóònù ọmọ-ọmọ. Kí ló dé tí họ́ọ̀lù kan ní Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó ò lè gbé e sójú aṣọ ńlá, kí wọ́n jókòó sórí àga tó dáa, kí wọ́n rí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun bó ṣe ń jó, kí wọ́n sì jọ máa pariwo?

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni èyí tí àwọn tó jókòó máa fèsì. Fọ́tò àtijọ́ ló kún ara ògiri pálọ̀ wa àti inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, dúdú òun funfun, ọkùnrin mẹ́fà tò jókòó, wọ́n dé fìlà abetí ajá, ẹ yí i padà, ọdún nìkan ni wọ́n fi báírò kọ sẹ́yìn ẹ̀. Ta ni wọ́n? Ọmọ ò mọ̀, ọmọ-ọmọ ò tiẹ̀ bèèrè. Ẹ gbé fóònù fún ìyá ẹni 85 ọdún pé kó wò ó, á ní ojú òun ò ríran. Ẹ wá tàn án sójú aṣọ tó fẹ̀ tó mítà 4, ojú ẹnì kan ṣoṣo lè ga ju ilẹ̀kùn lọ, màmá á rí ilà ojú, á rí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, á rí nọ́ńbà mọ́tò tó wà lẹ́yìn wọn, á dẹ̀ ní "Háà, ṣé kì í ṣe àbúrò ìyá wa tó wà ní Ṣàgámù nìyí?" Ẹlòmíì á ní rárá o, ọjọ́ ìṣílé bàbá wọn ni, aṣọ tí wọ́n dá lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn yẹn ni orúkọ, agbolé, ẹni tó fẹ́ ọmọ ta, gbogbo ẹ̀ á máa jáde, kí ẹnì kan ṣá ti tẹ fóònù pé kó máa gbohùn sílẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù ò lè ṣe èyí torí èèyàn méjì mẹ́ta ló lè borí sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì má fi falẹ̀ rárá, ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà gorí oyè ní 1960 ti lé ní 80 báyìí, Kábíyèsí fúnra wọn ti wàjà ní July 2025.

Àwọn yòókù ò ní gba àkókò. Ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ tàbí lẹ́mọ́mù ń sọ sójú aṣọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, fún àwọn adití. Àwọn ọmọ tó ń ṣe eré ní ilé ìwé lè fi ìmọ́lẹ̀ ya igbó tàbí ààfin sẹ́yìn ara wọn dípò kí wọ́n máa ra ọ̀dà. Tíṣà lè fi Erédò Ṣúńgbọ́ han kíláàsì, odi àti kòtò tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160 tí igbó ti bò mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ibí náà ò dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Pirojẹ́kítọ̀ ò lè tan dúdú, ibi tó bá yẹ kó dúdú, ṣe ló kàn máa fi í sílẹ̀ láìtanná sí i. Tí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé lúfà wọlé bá aṣọ yẹn, dúdú ti di eérú nìyẹn, ojú èèyàn á ṣì wá dà bí ẹni tó wà nínú kurukuru. Aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 4 tó ga ní mítà 2.25, tí inú họ́ọ̀lù bá ṣú dáadáa, nǹkan bí 1,400 lumens (ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde látinú ẹ̀rọ) ti tó kó fi mọ́lẹ̀ bíi ti sinimá. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó lọ ra ẹ̀rọ míì, ẹ kọ́kọ́ ra kọ́tìnì tó nípọn. Ẹ tún fi UPS kékeré, bátìrì tó máa ń gbé ẹ̀rọ dúró díẹ̀ tíná bá lọ, sí i jọ̀ọ́, torí tó bá jẹ́ oníbúlùùbù, tí wọ́n bá múná lọ lójijì, fáànù inú ẹ̀ máa dúró nígbà tí búlùùbù ṣì ń gbóná janjan, ohun tó ń tètè pa búlùùbù nìyẹn. UPS yẹn ò ní gbé e títí, àmọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè pa á bó ṣe yẹ kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde.

Ẹ̀gbọ́n kan ti bi mí pé ta ló máa sanwó dísù. Ẹ̀gbọ́n, wákàtí méjì lọ́sàn-án Tọ́sìdé, họ́ọ̀lù tí kò sẹ́ni tó háyà ẹ̀, tí gbogbo ìdílé tó bá mú fọ́tò wá bá dá owó díẹ̀ díẹ̀, owó dísù ti wọlé nìyẹn. Ẹ má yọ fọ́tò yín kúrò nínú férémù o, ó lè ya. Fóònù la máa fi yà á, a kàn máa dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí iná má baà kọ lójú dígí. Ẹni tó bá ní họ́ọ̀lù tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó wá rí mi níwájú níbí ká tó dìde.